Ojú Tó Wà Lára Ògiri Ilé Keje

Bí ẹ bá fẹ́ rí ìbínú káfíńtà yìí, ẹ má wulẹ̀ bú u. Ẹ ṣáà yin Ilé Keje lójú rẹ̀. Kí ẹ tó sọ̀rọ̀ dé ìdajì, ojú rẹ̀ á ti korò, á ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lábẹ́ tábìlì iṣẹ́ rẹ̀, á máa wá ìṣó tí kò sọnù.

Ọmọ ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, Fi-Mẹ́fà-Kún-un ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ níbi iṣẹ́ sọ ọ́. Àwọn tó dé lẹ́yìn gé orúkọ náà kúrú sí Bàbá Mẹ́fà, ó sì ti pẹ́ gan-an tí ẹnì kan ti béèrè gbẹ̀yìn pé mẹ́fà kí ni. Irun orí rẹ̀ ti funfun tán, ayùn ti ba ìka rẹ̀ kan jẹ́, àmọ́ ojú rẹ̀ ṣì mú. Tó bá wo ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sọ ibi tó ti wọ́ fún yín. Ilẹ̀kùn àwọn ẹlòmíì ni o. Fèrèsé yàrá tirẹ̀, ọdún kẹrìnlá rèé tí kò ṣe é tì dáadáa, àkísà ni wọ́n fi ń dí i nígbà òjò.

Lórí òkè tó wà lẹ́yìn ilé ẹjọ́, òpópónà kan wà tí ilé mẹ́sàn-án tò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan. Ayàwòrán-ilé kan ló ya gbogbo wọn, ọdún mọ́kànlélógójì rèé. Kò jẹ́ kí wọ́n kun ọ̀kankan lọ́dà, kò sì jẹ́ kí wọ́n rẹ́ ògiri wọn. Kọnkéré lásán ni, bó ṣe gbẹ náà ló wà. Fèrèsé wọn gùn láti igun dé igun, oòrùn àárọ̀ á gba ọ̀kan wọlé, ti ìrọ̀lẹ́ á gba òmíràn. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ wọn lọ́wọ́, àwọn ará àdúgbò ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ni wọ́n ń kọ́. Lónìí, ọmọ àwọn ará àdúgbò yẹn náà ló ń dúró níwájú ilé ọ̀hún ya fọ́tò ìgbéyàwó. Ayàwòrán ti kú láti ọdún mọ́kàndínlógún, àmọ́ òkìkí rẹ̀ kò mọ̀ pé ó ti kú. Bọ́ọ̀sì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń dé, àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá pẹ̀lú kámẹ́rà lọ́rùn, wọ́n á máa fọwọ́ pa ògiri lára bí ẹni ń rẹ ọmọ lẹ́kún.

Ta ló kan pákó tí wọ́n da kọnkéré yẹn sí? Ẹ̀yin náà ti mọ̀. Irú ògiri bẹ́ẹ̀, pákó ni wọ́n kọ́kọ́ ń fi ṣe bí ògiri méjì tó kọjú síra, wọ́n á wá da kọnkéré sáàárín. Tó bá gbẹ, wọ́n á tú pákó kúrò, gbogbo ìlà ara igi àti gbogbo kókó rẹ̀ á ti hàn sára ògiri. Ohun tí àwọn àlejò ń wò tí wọ́n fi ń mí kanlẹ̀ nìyẹn, ìlà pákó. Pákó tí Bàbá Mẹ́fà yàn, tó gé, tó kàn mọ́ra wọn nínú oòrùn. Orúkọ ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà? Orúkọ ayàwòrán.

Ká ní ọ̀rọ̀ náà mọ síbẹ̀ ni, ì bá ṣe é fara dà. Ohun tó ń jẹ ẹ́ lára ju gbogbo rẹ̀ lọ ni pé ìyàwó rẹ̀ wà lára àwọn tó ń yin ọkùnrin náà.

Ọdún kejìlélọ́gbọ̀n rèé tí obìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́ ní Ilé Keje. Dókítà kan àti ìdílé rẹ̀ ló ń gbé ibẹ̀ nígbà náà, òun ni wọ́n gbà láti máa tọ́jú ilé. Nígbà tí dókítà kú, àwọn ọmọ rẹ̀ fi ilé lé ẹgbẹ́ kan lọ́wọ́, ẹgbẹ́ tó ń mójú tó ilé mẹ́sẹ̀ẹ̀sán. Ẹgbẹ́ náà bá obìnrin náà níbẹ̀, wọ́n rí i pé kò sí kọ̀rọ̀ ilé tí kò mọ̀, wọ́n bá fi í ṣe ẹni tó ń mú àlejò yíká. Láàárọ̀, kó tó jáde, á nu bàtà rẹ̀ títí á fi máa dán, á fi lọ́fíńdà díẹ̀ sẹ́yìn etí. Ọkọ rẹ̀ á jókòó sórí ibùsùn, á máa wò ó.

"Ta lò ń fi lọ́fíńdà lọ bá?"

"Ògiri," ìyàwó á dáhùn, á rẹ́rìn-ín, á sì jáde.

Ẹ̀rín yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kí oúnjẹ àárọ̀ dùn lẹ́nu rẹ̀. Tó bá tún dé nírọ̀lẹ́, "Ọ̀gá wa" ló máa ń pe ayàwòrán. Ọ̀gá wa ló mọ ibi tí afẹ́fẹ́ máa gbà. Ọ̀gá wa ló ní kí ilé ìdáná má ṣókùnkùn. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, obìnrin yìí kò fojú kan ayàwòrán náà rí láyé rẹ̀! Ọkọ rẹ̀ ló rí i, ọkọ rẹ̀ ló fi odidi ọdún méjì gbọ́ igbe rẹ̀ láràárọ̀. Ṣùgbọ́n ta ló ń bi káfíńtà léèrè nǹkan?

"Bàbá wọn, ẹ wá wo ibi iṣẹ́ mi lọ́jọ́ kan," ìyàwó á ní. "Ẹ ò wọ ibẹ̀ mọ́ látìgbà tẹ́ ẹ ti kọ́ ọ tán."

"Mo mọ inú ẹ̀. Èmi ni mo kàn án."

"Ẹ wá náà."

"Ọwọ́ mi dí."

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n gbáko ni ọwọ́ rẹ̀ fi dí.

Ó dára. Ojú kan wà nínú pálọ̀ Ilé Keje, lára ògiri tó kọjú sí fèrèsé, ní ibi tó ga dọ́gba pẹ̀lú ojú èèyàn. Gbogbo ìlà pákó tó wà lára ògiri náà ló dùbúlẹ̀, àyàfi ibì kan ní etí rẹ̀ lápá ọ̀tún, ibi tóóró kan tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ méjì lọ, tí ìlà tirẹ̀ dúró lóòró. Kókó igi ńlá kan wà láàárín rẹ̀, ìlà kan tó tẹ̀ bí ìdajì òṣùpá sì bo kókó náà lókè bí ìpéǹpéjú. Kò sí bí èèyàn ṣe máa wọ pálọ̀ yẹn tí ojú náà kò ní wò ó. Ìwé mẹ́ta ni wọ́n ti kọ nípa rẹ̀. Ọ̀kan ní ayàwòrán fẹ́ kí ilé máa ṣọ́ onílé. Èkejì ní ojú ìyá rẹ̀ tó ti kú ni. Ẹ̀kẹta nípọn débi pé, nígbà tí ìyàwó gbé e wálé, káfíńtà fi í ti ilẹ̀kùn. Wọ́n ya ojú náà sára ṣẹ́ẹ̀tì, wọ́n yà á sára ife. Ìyàwó ra ife kan wálé, ó bu tíì sí i fún ọkọ rẹ̀. Káfíńtà wo ojú tó ń wò ó láti ara ife, ó da tíì náà sínú kọ́ọ̀bù onírin rẹ̀ àtijọ́, ó wá yí ife yẹn kọjú sí ògiri.

Ó mọ ohun tí ojú náà jẹ́. Lójú tirẹ̀, òun nìkan ló mọ̀ ọ́n láyé, torí pé bíríkìlà tí wọ́n jọ mọ̀ ọ́n ti kú.

Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé wọ̀nyẹn, tépù kan ṣoṣo ni àwọn káfíńtà ní, orí rẹ̀ sì ti já. Íńṣì mẹ́fà àkọ́kọ́ ti lọ. Nítorí náà, tí wọ́n bá fẹ́ wọn pákó, wọ́n á fi etí pákó sí ibi tí mẹ́fà wà, wọ́n á wá fi mẹ́fà kún iye tí wọ́n ń wá. Ẹni tó bá gbàgbé, pákó rẹ̀ á kúrú. Káfíńtà wa yìí ló máa ń pariwo rẹ̀ láti orí àkàbà: "Ẹ fi mẹ́fà kún un o!" Ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Ọdún méjì ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀, ó mọ́ wọn lọ́wọ́ débi pé wọn kì í ronú sí i mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ da ògiri pálọ̀ Ilé Keje, ayàwòrán mú tépù tuntun wá, ó fi ta wọ́n lọ́rẹ. Orí rẹ̀ pé. Inú gbogbo wọn dùn. Káfíńtà gbà á, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé pákó mẹ́ta tó kù. Orí rẹ̀ sọ fún un pé tépù yìí pé, kò sí pé à ń fi mẹ́fà kún nǹkan kan. Ọwọ́ rẹ̀ ni kò gbọ́. Ọwọ́ rẹ̀ fi etí pákó sí ibi tí mẹ́fà wà bó ṣe máa ń ṣe. Pákó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi íńṣì mẹ́fà kúrú. Nígbà tó fi máa mọ̀, ó ti kàn wọ́n mọ́ àyè wọn, ihò ti là sílẹ̀ létí wọn, pákó ti tán, wọ́n sì ti ń po kọnkéré nísàlẹ̀. Ayàwòrán ní òun ń jáde lọ fún wákàtí kan, tí òun bá dé, kí òun bá wọn níbi tí wọ́n ti ń da kọnkéré.

Ilé tí káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀ háyà kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ síbẹ̀. Ó sáré lọ. Ìyàwó ti lọ síbi iṣẹ́. Bẹ́ńṣì kan wà nídìí iná, òun ni nǹkan àkọ́kọ́ tó kàn fún obìnrin náà nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹyinjú. Kókó ńlá kan wà láàárín rẹ̀. Ọjọ́ kan ni obìnrin náà ṣèèṣì gbé ìkòkò gbígbóná kà á, ìdí ìkòkò jó pákó náà, ó fi ìlà dúdú kan tó tẹ̀ sílẹ̀ lókè kókó. Ó sunkún lọ́jọ́ yẹn. Káfíńtà kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó já ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì, ó gé e, ó sáré padà, ó fi dí ihò. Bíríkìlà da kọnkéré lé e, àwọn méjèèjì sì jọ ṣèlérí pé àwọn ò ní sọ fẹ́nì kan. Nígbà tí wọ́n tú pákó, ayàwòrán dúró síwájú ojú náà, ó dúró pẹ́ títí. Káfíńtà ti ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ jọ, ó ti gbà pé iṣẹ́ bọ́.

"Ẹ má fọwọ́ kàn án," ni ayàwòrán wí, ó sì jáde.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ tó gé bẹ́ńṣì, káfíńtà sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé àlejò kan tó sanra wá kí òun, ó jókòó sórí bẹ́ńṣì, bẹ́ńṣì fọ́ yángá, òun sì ti fi dáná. Ó ní òun á kan òmíràn fún un lọ́sẹ̀ yẹn. Kò kàn án lọ́sẹ̀ yẹn, kò kàn án lọ́dún yẹn, nígbà tó yá, ìyàwó kò béèrè mọ́.

Ẹ wá gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe wá le. Lọ́jọ́ Ọjọ́rú kan, ìyàwó dé láti ibi iṣẹ́, kò tíì bọ́ bàtà tó ti ń sọ̀rọ̀.

"Bàbá wọn, ẹ gbọ́. Àwọn tó ń rọ idẹ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n fẹ́ fi amọ̀ gba àwòrán ojú yẹn lára ògiri, wọ́n á wá fi idẹ rọ ọ́, wọ́n á gbé e sẹ́nu géètì. Orúkọ Ọ̀gá wa á wà lábẹ́ ẹ̀ gàdàgbà."

Káfíńtà gbé ṣíbí sílẹ̀. "Orúkọ ẹ̀ nìkan?"

Ìyàwó wò ó. Ó wò ó pẹ́. "Orúkọ ta lẹ tún fẹ́ kó wà níbẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu rẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá sọ pé òun ló ṣe ojú, ó gbọ́dọ̀ sọ pé bẹ́ńṣì ló fi ṣe é, ó gbọ́dọ̀ sọ pé kò sí àlejò kankan tó sanra, ó sì gbọ́dọ̀ sọ pé òun Fi-Mẹ́fà-Kún-un ló wọn pákó tó fi mẹ́fà kúrú. Ó gbé e mì.

"Mi ò mọ̀. Kí ló kàn mí nínú ilé yín?"

"Ó dáa," ni ìyàwó wí. Ó kó àwo kúrò níwájú rẹ̀. "Ẹ mú ṣòkòtò iṣẹ́ yẹn wá kí n bá yín rán àpò ẹ̀. Ó ti lu. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí mo ti ń sọ ọ́."

"Fi ṣòkòtò mi sílẹ̀."

Owú ni, ẹ jẹ́ ká pè é lórúkọ rẹ̀. Ó ń jowú òkú, ó ń jowú ògiri, ó ń jowú idẹ tí wọn ò tíì rọ. Lójú rẹ̀, kò sí nǹkan tí òun ní tí ayàwòrán kò tíì gbà: iṣẹ́ òun, ìyàwó òun, títí kan àṣìṣe òun. Ti àṣìṣe yẹn ló dùn ún jù. Irú èèyàn wo ló máa kú tán, tí á tún máa fi àṣìṣe ẹlòmíì gba ìyìn? Ó pinnu níbi tó jókòó sí. Tí òun ò bá lè ní ojú yẹn, kí ẹnì kankan má ní in. Òun á yọ ọ́ kúrò lára ògiri kí ọjọ́ Ẹtì tó dé.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí ìyàwó ti jáde tòun ti lọ́fíńdà rẹ̀, ó wọ ṣòkòtò iṣẹ́, ó fi òòlù sínú báàgì ọ̀rá, ó sì mú ṣísẹ́lì. Kì í ṣe ṣísẹ́lì lásán o. Èyí tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ látìgbà tó ti kọ́ṣẹ́ tán ni, tí kì í jẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ fọwọ́ kàn, tó máa ń pọ́n títí á fi lè fá irungbọ̀n. Ó mọ̀ pé igi ni wọ́n ṣe é fún, pé tó bá kan kọnkéré lẹ́ẹ̀kan, ẹnu rẹ̀ á jẹ, kò ní wúlò mọ́. Ó ju ú sápò. Ẹ kúkú wo bí orí ọkùnrin náà ṣe gbóná tó.

Ọmọbìnrin tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà rẹ́rìn-ín sí i.

"Ẹ káàbọ̀, sà. Ṣé ẹ ti wá síbí rí?"

"Rárá," ni káfíńtà wí.

Àwọn mọ́kànlá ló jọ wọlé. Ó fara pamọ́ sẹ́yìn ọkùnrin gíga kan, ó tẹ fìlà rẹ̀ bojú. Ète rẹ̀ ni pé tí wọ́n bá ti wo pálọ̀ tán tí wọ́n ń lọ sí ọgbà, òun á rọra ṣẹ́yìn. Ìyàwó rẹ̀ wà níwájú, ó kọ̀yìn sí wọn, ó ń fọwọ́ hàn wọ́n. Káfíńtà wo ilé náà, ó ń wá ibi tó ti wọ́. Kò rí. Àtẹ̀gùn rẹ̀ kò dún. Ògiri kò là. Ibi tí pákó méjì ti pàdé nígun lọ́jọ́sí ṣì mú bí etí ìwé. Ó rẹwà, inú rẹ̀ sì bà jẹ́ pé ó rẹwà. Ohun tó wá ń yà á lẹ́nu ni bí àwọn èèyàn náà ṣe ń gbọ́rọ̀ lẹ́nu ìyàwó rẹ̀. Tó bá sọ̀rọ̀, wọ́n á dákẹ́. Tó bá ṣàwàdà, wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ó gbìyànjú láti rántí ìgbà tí òun gbọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ délẹ̀ báyẹn nílé, kò rántí, ìyẹn náà tún bí i nínú.

Wọ́n dé pálọ̀. Ojú náà ń wò. Obìnrin náà lọ dúró tì í, ó gbé ọwọ́ lé ògiri bí ìgbà tí èèyàn gbé ọwọ́ lé ojúlùmọ̀ rẹ̀ léjìká. Irú èyí gan-an ni káfíńtà kò fẹ́ rí. Ó ki ọwọ́ bọ àpò, ó di ṣísẹ́lì mú.

"Ẹ̀yin àlejò wa," ni ìyàwó rẹ̀ wí, "tẹ́ ẹ bá ka ìwé tí wọ́n ń tà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á sọ fún yín pé Ọ̀gá wa ló fi ọgbọ́n orí ẹ̀ gbé ojú yìí kalẹ̀. Ẹ ra ìwé náà o, òrùlé wa ń jò. Ṣùgbọ́n ẹ má gbà á gbọ́."

Wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Bẹ́ńṣì mi nìyí."

Ẹ̀rín dá. Ṣísẹ́lì wà lọ́wọ́ káfíńtà nínú àpò.

"Ọkọ mi ló kàn án fún mi nígbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Ẹ wo ìlà tó tẹ̀ yìí. Èmi ni mo gbé ìkòkò gbígbóná kà á, mo sunkún bí ẹni tí èèyàn ẹ̀ kú. Ọjọ́ kan ni mo dé láti ibi iṣẹ́, mi ò bá bẹ́ńṣì. Ọkọ mi ní àlejò kan tó sanra ló jókòó fọ́ ọ. Mo gbà. Ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn ìyẹn, mo wá síbí wá béèrè iṣẹ́. Ìyàwó dókítà ní kí n dúró ní pálọ̀. Mo gbójú sókè báyìí, mo rí àlejò tó sanra."

Ẹ̀rín bú yẹ̀ẹ̀. Ọkùnrin gíga tó wà níwájú káfíńtà rẹ́rìn-ín títí èjìká rẹ̀ fi ń gbọ̀n. Káfíńtà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

"Owó iṣẹ́ náà kéré, mi ò fẹ́ gbà á tẹ́lẹ̀," ni obìnrin náà ń bá a lọ. "Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí i, mo ní mo gbà. Mo rò pé ọkọ mi á wá wò mí níbi iṣẹ́, á rí i, á sọ ọ́ fúnra ẹ̀, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Kò tíì wá."

Obìnrin kan lára àwọn àlejò béèrè pé, "Ṣé ẹ ti sọ fún wọn pé ẹ mọ̀?"

"Rárá o. Mi ò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Mo ṣáà mọ̀ pé káfíńtà tó bá gé bẹ́ńṣì ìyàwó ẹ̀ dí ihò, ìdààmú ńlá ló bá a. Ìdààmú ẹ̀ ni, òun ló ni ín, mi ò lè gbà á lọ́wọ́ ẹ̀. Ọjọ́ tó bá wù ú ló máa sọ." Ó fi àtàǹpàkò pa ìpéǹpéjú kọnkéré náà. "Ọkọ mi ti darúgbó nílé, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó ti ń kanra. Ṣùgbọ́n ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló ṣì jẹ́ níbí, ó ń sáré, àyà ẹ̀ ń já. Tí mo bá dé láràárọ̀, màá kí i. Màá ní, ẹ kú àárọ̀, Bàbá wọn."

Lọ́fíńdà. Bàtà tó ń dán. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n. Gbogbo rẹ̀ dé sí káfíńtà lórí lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú tì í débi pé etí rẹ̀ gbóná, ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ nínú àpò, àpò tó ti lu láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì ṣe ohun tí àpò tó lu ń ṣe. Ṣísẹ́lì gba itan rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, ó gba ẹsẹ̀ ṣòkòtò jáde, ó bọ́ sórí ilẹ̀ dídán náà, ó dún gbaga.

Gbogbo èèyàn yíjú padà. Ọkùnrin gíga yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Ìyàwó wo ṣísẹ́lì. Ó wo báàgì ọ̀rá tí ọwọ́ òòlù yọ lẹ́nu rẹ̀. Ó wo ojú tó wà lára ògiri, ó wá wo ọkọ rẹ̀. Kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni máa ṣàlàyé fún obìnrin tó ti bá káfíńtà gbé ní ohun tó lé lógójì ọdún. Ká ní ilẹ̀ lè là, inú rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ì bá wọ̀ ní ìṣẹ́jú yẹn, ì bá sì fa ilẹ̀ náà dé.

Ìyàwó bẹ̀rẹ̀, ó mú ṣísẹ́lì nílẹ̀, ó gbé e sókè kí wọ́n rí i.

"Ọkọ mi nìyí," ó ní. "Ó mú irinṣẹ́ tó fi já ẹsẹ̀ bẹ́ńṣì mi wá, kẹ́ ẹ lè fojú ara yín rí i."

Ohùn rẹ̀ gbọ̀n díẹ̀. Ọkọ rẹ̀ nìkan ló gbọ́ ọ. Àwọn yòókù ti ń pàtẹ́wọ́, wọ́n ń ya fọ́tò, wọ́n ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan sún mọ́ ọn pẹ̀lú ìwé àti bírò.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló wà lọ́kàn yín nígbà tẹ́ ẹ pinnu pé kí igi yẹn dúró lóòró láàárín àwọn tó dùbúlẹ̀?"

"Ihò ló wà níbẹ̀," ni káfíńtà wí. "Bó ṣe dúró ló ṣe wọ̀ ọ́."

Akẹ́kọ̀ọ́ kọ ọ́ sílẹ̀. Káfíńtà wo ìyàwó rẹ̀, ó wá sọ ohun tí kò sọ láti ọdún mọ́kànlélógójì. "Mo wọn pákó mẹ́ta kúrú. Tépù tuntun ni. Kò sí àlejò kankan."

Nígbà tí wọ́n jáde sí ọgbà, ìyàwó kò tẹ̀lé wọn. Ó dúró sáàárín ọkọ rẹ̀ àti ògiri.

"Ẹ fẹ́ yọ ojú mi."

"Mi ò mọ̀ pé tìẹ ni."

"Ta lẹ rò pé ó ni ín?"

"Ọ̀gá yín. Mò ń jowú ẹ̀. Láràárọ̀ lò ń fi lọ́fíńdà lọ bá a."

Ìyàwó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà yí padà di ẹkún kó tó parí. "Ẹ ń jowú! Èmi ńkọ́? Ọdún méjì lẹ fi sùn sídìí ilé yìí. Tẹ́ ẹ bá dé, ọ̀rọ̀ ẹ̀ lẹ̀ ń sọ. Kí gbogbo ẹ̀ tún wá pé, ẹ já bẹ́ńṣì mi, ẹ gbé e fún un. Èmi ló yẹ kó mú ṣísẹ́lì wá síbí, Bàbá wọn. Láti gbogbo ọdún yìí wá ni mo ti ń jowú ilé yìí, mo sì ń gbálẹ̀ ẹ̀."

Káfíńtà gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ó na ọwọ́ sí ògiri. Kókó náà tutù, ìlà tó tẹ̀ náà yọ díẹ̀ sábẹ́ ìka rẹ̀. Ó ní, "Fún mi ní ṣísẹ́lì mi."

"Ó di ọjọ́ tí mo bá rí bẹ́ńṣì mi."

"Kí ni kí n wá fi kàn án?"

"Ẹ lọ yá."

Àwọn tó ń rọ idẹ dé lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n gba àwòrán ojú lọ. Ó ti wà lẹ́nu géètì báyìí, ó ń dán, orúkọ ayàwòrán nìkan ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹgbẹ́ ní àwọn gbọ́ ọ̀rọ̀ bẹ́ńṣì, pé àwọn á ṣèwádìí. Wọ́n ṣì ń ṣèwádìí. Tí Bàbá Mẹ́fà bá ń kọjá níbẹ̀, á ṣì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí pé owú náà kò tán, kò sídìí tí mo fi máa purọ́ fún yín. Àmọ́ ó ti ń mu tíì nínú ife yẹn.

Ó lọ yá ṣísẹ́lì lóòótọ́. Ó fi ọjọ́ mẹ́ta wá pákó tó ní kókó ńlá láàárín, ó fa tépù àtijọ́ tí orí rẹ̀ já jáde láti ìsàlẹ̀ àpótí, ó fi wọ̀n ọ́n, ó sì fi mẹ́fà kún un. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, ó gbé bẹ́ńṣì wọ ilé ìdáná, ó gbé e kalẹ̀ nídìí iná. Ìyàwó jókòó sí i. Ó mi ara rẹ̀ síhìn-ín, ó mì í sọ́hùn-ún, bẹ́ńṣì kò yẹ̀. Ó dìde, ó mú ṣísẹ́lì jáde láti ẹ̀yìn agolo iyọ̀, ó fún un. Ó wá yíjú sí iná, ó gbé ìkòkò tó ń hó, ó gbé e ka àárín bẹ́ńṣì tuntun náà.

"Kí lò ń ṣe!" ni káfíńtà ké. Èéfín ti ń rú lábẹ́ ìkòkò.

Ìyàwó di ọwọ́ rẹ̀ mú kó má baà gbé e kúrò.

"Kí n lè dá a mọ̀ ni," ó ní, "níbikíbi tẹ́ ẹ bá tún gbé e lọ."